Ìgò kajú tí n kò tíì ṣí

Ní Leeds, bí mo bá fẹ́ ra búrẹ́dì lásán, ẹni tó ń tà á lè kọ́kọ́ bi mí pé, “Ṣé oúnjẹ kan wà tí ara yín kò gbà?” Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí, n kò sì tíì mọ ohun tí mo lè dáhùn. Bí mo bá jẹ kajú, ètè á máa yún mi, ọ̀fun á máa rìn mí, nígbà mìíràn ètè ìsàlẹ̀ á wú díẹ̀. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti lọ. Ṣé ìyẹn náà tó nǹkan tí èèyàn ń sọ síta?

Ní Ogbómọ̀ṣọ́, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Ìdí kajú la dàgbà sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó fa omi èso rẹ̀ mu títí aṣọ á fi gba àbàwọ́n tí ọṣẹ kò ní lè mú kúrò. A ó kó kóró rẹ̀ jọ sínú agolo jíjò, a ó dáná sí i, epo ara èèpo á máa ta, èéfín á gba àdúgbò. Èmi ò ní sùúrù kó tutù, eyín ni mo fi ń fọ́ ọ. Bí ẹnu bá ń yún mi, màámi á ní, “Epo kajú ló bó ọ lẹ́nu, ọ̀kánjúà!” Irọ́ kọ́, epo èèpo yẹn ń bó èèyàn lóòótọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n tètè fura nìyẹn. Àfìgbà tí mo ra ti Leeds, tí wọ́n ti bó tí wọ́n sì ti yan, tí kò sí èèpo kankan níbẹ̀, tí ètè mi tún yún.

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan, nut, tó kó gbogbo wọn pọ̀. Àwa ò ní in. Ẹ̀pà ni ẹ̀pà, kajú ni kajú, àwùsá ni àwùsá, tiwa ló sì mọ́gbọ́n wá jù lójú tèmi. Ẹ̀wà ni ìbátan ẹ̀pà. Àwùsá wa ò tilẹ̀ bá walnut tiwọn tan. Ẹ̀pà ò ṣe mí ní nǹkan kan, òun ni mo fi ń mu gààrí.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, tiwọn hàn síta ju tiwa lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù kẹwàá ọdún 2021, oúnjẹ tí ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ dì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní gbogbo èròjà rẹ̀ lára, kí nǹkan 14 tó máa ń bá èèyàn jà sì hàn ketekete láàárín wọn. Ikú ọmọ ọdún 15 kan, Natasha Ednan-Laperouse, ní 2016 ló fa òfin náà: yànmọ̀tí tí wọ́n pò mọ́ búrẹ́dì ni, ara ọ̀rá rẹ̀ ò sì sọ ọ́. Ní Tákìé, ní Ogbómọ̀ṣọ́ wa, lálẹ́, ta ni yóò sọ fún ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà pé kúlíkúlí lílọ̀ wà nínú ata sùyà? Àbókí mọ̀. Àwa la ò bi í.

Mo sọ fún màámi pé mo fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò.

“Àyẹ̀wò kí ni? Ohun tí kò bá ọ lára mu, ṣé o ò kàn lè fi í sílẹ̀ ni? Bàbá rẹ àgbà ò jẹ òkété títí wọ́n fi kú, ta ló yẹ̀ wọ́n wò?”

“Màámi, ẹ má bínú. Dókítà ní bó ṣe fúyẹ́ lánàá, ó lè má fúyẹ́ lọ́la.”

Wọn ò fèsì, wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Dókítà bi mí bí mo ṣe jẹ ẹ́ tó, ìṣẹ́jú mélòó ló tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà wo ló lọ. Wọn yóò kán omi kajú sí mi lápá, wọn yóò fi abẹ́rẹ́ ha á díẹ̀, a ó sì dúró bí ìṣẹ́jú 15. Mo ní kó kúkú yẹ gbogbo nǹkan wò. Ó kọ̀, ó ní awọ ara lè wú sí ohun tí mo ń jẹ lójoojúmọ́ láìṣe mí ní nǹkan kan, kí n wá máa sá fún un lásán. Ó ní kí n jìnnà sí pistachio náà, ọmọ ìyá kajú ni.

Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n fún mi. Ìgò kajú tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ láti ilé wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. N kò ṣí i, n kò sì tíì lè fún ẹlòmíràn.