Àbúrò mi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì

Ọ̀fadà là ń jẹ lọ́jọ́ Àìkú tí àbúrò mi fi sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì." Báǹkì ló ń ṣe n'Íbàdàn kó tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Ilé arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ òru báyìí, kò sì tíì pé ọdún méjì tó dé.

Mi ò tètè dá a lóhùn. OSCE tèmi ló sọ sí mi lọ́kàn, ìdánwò àfọwọ́ṣe tí nọ́ọ̀sì tó ti òkèèrè wá máa ń ṣe níbí. Ọdún 9 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì nílé, mo ti yege IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, àti CBT, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà, mo rò pé ó ti parí. Ìdánwò 10 ló wà nínú OSCE yẹn, wọn ò sì sọ fún mi dáadáa pé ohun tí ọwọ́ rẹ bá ń ṣe, ẹnu rẹ gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́. Èmi dákẹ́, mo ń di ọgbẹ́ bí mo ṣe ń dì í nílé. Ìka mi kan tábìlì, mo fi ìka yẹn náà mú òwú. Ó tán, mo fìdí rẹmi. Mo tún un ṣe, mo san £397.

Ti orúkọ tún wá le. Wọ́n ní kí o bi aláìsàn ohun tó fẹ́ kí o máa pe òun. Bàbá ẹni ọdún 84 ní kí n pe òun ní Peter! Títí dòní, bí mo bá pe irú wọn bẹ́ẹ̀, orúnkún mi á fẹ́ẹ́ kanlẹ̀.

Ṣùgbọ́n èmi mú ìwé ẹ̀rí wá. Ẹni tí kò kọ́ ọ rí, yunifásítì ọdún 3 ni, owó ilé ìwé ti àlejò láti òkèèrè sì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni nursing associate, òṣìṣẹ́ tó wà láàárín olùtọ́jú àti nọ́ọ̀sì: ọdún 2, ibi iṣẹ́ ló ń ránni lọ, owó oṣù ò sì ní dúró. Lẹ́yìn náà lèèyàn lè kàwé kún un di nọ́ọ̀sì. Ojú ẹ̀ tàn. Mo ní kó rọra o, ìjọba kì í sanwó ẹ̀kọ́ yẹn fún ẹni tí kò tíì lo ọdún 3 nílùú yìí. Ẹnì kan ti ń bèèrè £600 lọ́wọ́ rẹ̀ láti "bá a wá àyè". Onítọ̀hún ò sọ ti ọdún 3 yìí fún un.

Kò burú, kó dúró. Lóṣù tó kọjá, ìyá àgbà kan níbi iṣẹ́ wọn dédé ń pe ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Àwọn yòókù ní ọjọ́ orí ni. Àbúrò mi ní rárá, ìyá yìí ò rí báyìí lánàá, ló bá pe nọ́ọ̀sì. Àrùn ọ̀nà ìtọ̀ ni. Wọn ò kọ́ ọ ní ìyẹn ní báǹkì.

WAEC rẹ̀ ló ń wá báyìí, torí ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ti tú gbogbo àpótí n'Ísẹ́yìn. Wọ́n ní káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti ọdún 1991 làwọn rí.