Iná Dé, Ìràwọ̀ Lọ

Gbogbo àdúgbò ló ń bẹ Ọlọ́run kí iná dé. Èmi nìkan ni mo ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣì ní sùúrù díẹ̀.

Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí tíránsífọ́mà àdúgbò ìyá mi ní Ìsẹ́yìn ti dún gbàù, tó sì dákẹ́. Èmi kò mọ̀ títí mo fi ti Ìbàdàn dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, ní ìparí oṣù kọkànlá, tòun ti kámẹ́rà tòkunbọ̀ mi. Ìyá mi ń ka ìyà tó ń jẹ wọ́n fún mi: ẹja tó bàjẹ́ nínú fìríìjì, fóònù tí wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ láti lọ gba ṣáájì. Mò ń ṣe "pẹ̀lẹ́, Màmá, pẹ̀lẹ́," inú mi sì ń dùn lábẹ́lẹ̀ bí inú ẹni tó jogún. Nílé mi ní Ìbàdàn, tí mo bá gbójú sókè lálẹ́, ìràwọ̀ tí mò ń rí kò ju iye ìka ọwọ́ mi lọ. Òkùnkùn ni mo wá wá sílé, òkùnkùn sì pọ̀ nílẹ̀ bí iyanrìn.

Fídíò tí ojú ọ̀run á ti máa sáré ni mo fẹ́ ṣe. Kò le lẹ́nu. O gbé kámẹ́rà lé orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, o ní kó máa ya fọ́tò kan ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, kó sì la ojú sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kò tó nǹkan, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán wọlé bí omi asẹ́. Tó bá fi pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìràwọ̀ á fà gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí ilẹ̀ tí a dúró lé yìí kò dúró, ìwọ̀n dígírì 15 ló ń yí ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́rin á fún ẹ ní fọ́tò 480. Tó o bá wá ń sáré fi 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fídíò ìṣẹ́jú àáyá 20 nìyẹn. Odindi wákàtí mẹ́rin, fún ohun tí èèyàn á wò tán kó tó gbé òkèlè méjì mì.

Ìyá mi bi mí pé ta ló ń sanwó rẹ̀ fún mi. Mo ní kò sẹ́ni tó ń san án. Ó mira, ó ń bá ẹ̀wà tó ń ṣà lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ọmọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Owó tíránsífọ́mà ló ń gbà, 5,000 náírà.

"Ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n. Orúkọ yín ló kù."

Orúkọ mi kò lè kù, n kì í gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ìlú ńlá dé, wọ́n á ti kọ orúkọ rẹ̀ kó tó sọ ẹrù. Mo bi í pé ọjọ́ wo ni iná máa dé. Ó ní ó di lẹ́yìn Jímọ̀. Ẹ̀rín bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo kà owó náà fún un, mo tún ṣàdúrà fún un.

Apá àríwá ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kọjú kámẹ́rà sí, torí ibẹ̀ ni ìràwọ̀ kan wà tí gbogbo ìyókù ń yí po. Àmọ́ ní Ìsẹ́yìn, ìràwọ̀ yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ ga sílẹ̀. Ìwọ̀n dígírì mẹ́jọ ni: tó o bá na ọwọ́ síwájú tó o di ẹ̀ṣẹ́, ẹ̀ṣẹ́ yẹn gan-an ga jù ú lọ. Ibi tó wà yẹn gẹ́lẹ́ ni Alájì aládùúgbò wa gbé tánkì omi rẹ̀ sí. Mo bá kọjú sí ìlà oòrùn, níbi tí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò léra ti ń gun òrùlé bọ̀. Mo ń wo ọ̀kan tó mọ́lẹ̀ dáadáa lójú kámẹ́rà, mo ń yí lẹ́ńsì síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ó fi di tóótó kan bí orí abẹ́rẹ́, mo sì fi sẹ́lótéèpù dè é pa kó má baà yí mọ́.

"Àjàní," ìyá mi bi mí, "kí ló ṣe é tó o fi ń di báńdéèjì fún un?"

Agogo mẹ́sàn-án, fọ́tò àkọ́kọ́ wọlé. Ẹ wò ó, n kò lè ṣàlàyé. Ìràwọ̀ tí ojú lásán kò rí kún ojú kámẹ́rà bí gààrí tó dà sílẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí, mò ń gbọ́ "kẹ́ẹ́" rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30, mò ń fojú inú ka iye èèyàn tó máa tẹ̀ ẹ́ lórí Facebook.

Agogo mẹ́wàá kọjá ogójì ìṣẹ́jú, fìríìjì ìyá mi kọ́kọ́ ké "gírírí." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, gílóòbù ẹ̀yìnkùlé, tẹ́nikẹ́ni kò pa láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, là gbòò lórí mi.

"Iná ti déééé!"

Tọmọdé tàgbà ló tú síta. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó. Èmi náà sáré, ibi súìṣì ni mo sáré lọ. Mo pa tiwa, ẹ̀yìnkùlé sì mọ́lẹ̀ kedere síbẹ̀: gílóòbù ńlá Alájì ló kọjú sí wa láti orí ògiri. Mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Singílẹ́ẹ̀tì ló wọ̀ jáde, áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi pa iná."

"Iná wo?"

"Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yìí."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o kò tíì san tìẹ ni?"

"Mo ti san án, sà. 5,000."

"Kí ló wá fa ìjà?" Ó yọjú kọjá èjìká mi. "Ìyá Àjàní! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá o!"

Mo kó ìbínú mi wọlé lọ sùn, mo ní kí kámẹ́rà máa ya ohun tó bá wù ú.

Láàárọ̀ ni mo tó wo ohun tó yà. Fọ́tò 200 àkọ́kọ́ rẹwà, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ àti díẹ̀: àwọn mẹ́ta yẹn ń gun òkè tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ iléèwé. Ọgọ́ta tó tẹ̀ lé e funfun báláú bí ògì. Lẹ́yìn náà, fún ogójì fọ́tò, òdòdó búlúù, ẹyẹ pupa, òdòdó búlúù. Àwọn 180 tó kù dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Màmá, kí nìyí?"

"Hàà, ìró mi nìyẹn!" Ó pàtẹ́wọ́. "Ìrì ń sẹ̀ sí i lórí, o fi nǹkan olówó sílẹ̀ síta. Èmi ni mo bò ó. Dá a padà kí n tún rí i."

Mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta.

"Iná yẹn ò tiẹ̀ pẹ́," ló wí. "Kò tó wákàtí kan, ó tún lọ. Ojú ọ̀run wá mọ́ bíi dígí. Mo ní ká ní Àjàní wà lójúfò ni, inú rẹ̀ ì bá dùn."

Bátìrì kámẹ́rà ti kú. Àkókò táwọn ará àdúgbò fi ń gba ṣáájì, ẹnu ọ̀nà Alájì ni mo wà.

Ọmọkùnrin oníwèé àná tún wọlé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Wọ́n ní ká tún dá 2,000 sí i."

Owó ti wà lọ́wọ́ mi kí n tó bi í pé ìgbà wo ni wọ́n máa tún un ṣe.

"Alẹ́ òní, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Mo dá owó padà sápò. Ìyá mi wò mí, ó wo ọmọ náà, ó tú etí ìró rẹ̀, ìró ẹlẹ́yẹ pupa yẹn gan-an, ó sì ka 4,000 náírà lé e lọ́wọ́.