Stáàfù sanwó mọ́tò

Ìrọ̀lẹ́ òní nínú dáńfó láti Ìyànà Ìpájà sí Ọ̀shòdì, ọ̀rọ̀ owó epo la ń fà mọ́ra wa lọ́wọ́, ariwo ti gba inú ọkọ̀ kan, àfi bí obìnrin ọlọ́pàá kan ṣe wọlé ní Dópẹ̀mú tí ẹnu gbogbo wa pa dé. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù lé ẹsẹ̀, rọra ti fóònù ẹ̀ sábẹ́ itan. Kò jalè o, ó kàn mọ ìlú tó ń gbé ni.

Kọ̀ǹdọ́ ń gbowó bọ̀ láti ẹ̀yìn, ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ obìnrin yìí, ó fò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ dáńfó l'Ékòó mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá ti wọ yunifọ́ọ̀mù, "stáàfù" lásán ni wọ́n máa sọ, ó parí. Obìnrin yìí ló fọwọ́ tọ́ ọ léjìká, ó nawọ́ owó sí i. "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀." "Gbà á jọ̀ọ́, ṣéńjì mi dà?" Ẹ wá wo bá a ṣe ń wo ara wa!

Bó ṣe bọ́ sílẹ̀ ní PWD báyìí ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní ó ní láti jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba egúnjẹ ni. Ẹlòmíì ní wọ́n máa tó tìrànsífà ẹ̀, torí ó fẹ́ bá wọn ba iṣẹ́ jẹ́. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín in dáadáa.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Tó bá gbowó, a ní olè ni, tó bá sanwó, a tún ní ibo ló ti rí i. Mi ò sì lè bá àwọn èèyàn wí. SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992 torí adigunjalè, àwọn náà ló padà ń dá ọmọ ọlọ́mọ dúró pé yàhúù ni, wọ́n á mú un lọ sídìí POS kó lọ gbowó fún wọn, àfìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ dà sígboro ní October 2020 kí wọ́n tó tú u ká, nígbà tó sì di ogúnjọ́ oṣù yẹn, ṣọ́jà yìnbọn sáwọn tó ń wọ́de ní Lekki. Ọjọ́ Kérésì 2022, ọlọ́pàá yìnbọn pa lọ́yà kan tó lóyún sínú ní Ajah. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri téṣàn pé bélì ọ̀fẹ́ ni, ẹ lọ wò ó bóyá ẹ máa jáde lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyà ń jẹ àwọn náà o, mo rí fídíò àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n ń wọ́de nínú òjò l'Abuja ní July 2025 nítorí owó pẹ́ńṣàn, àánú wọn ṣe mí gan-an, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kéèyàn dúró sójú títì kó máa já owó ọlọ́kadà gbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n bá òun fi orúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ọlọ́pàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyá ẹ̀ gbọ́, ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ṣé kò síṣẹ́ mọ́ ni. Mo máa bá a ṣe é lọ́la, kí ìyá ẹ̀ bínú tó bá ṣe wù ú.