Kí Ọkọ̀ Ńlá Má Baà Rìn Lórí Jáàkì

Lónìí ni mo gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè nínú gáréèjì láti pààrọ̀ ọ́ìlì dífírẹ́ńṣà, ìyẹn jíà tó wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì tó ń pín agbára ẹ́ńjìnnì fún wọn, kí n sì wo bíréèkì ẹ̀yìn. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́. Gbígbé ọkọ̀ sókè àti mímú un dúró ṣinṣin ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú òwúrọ̀ mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí mò ń wí yìí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n gbé ara wọn ka orí ṣaásì irin gbọọrọ, irú bíi Toyota Land Cruiser tàbí Hilux, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wọn nǹkan bíi kílógíráàmù 2,000 sí 3,000 kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù sí i.

Ìbéèrè tí àwọn ènìyàn sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé tọ́ọ̀nù mélòó ni jáàkì lè gbé. Ìbéèrè tó yẹ ni, ṣùgbọ́n èmi kì í fi í ṣáájú. Jáàkì oní-tọ́ọ̀nù 3 tó dára lè gbé ẹ̀yìn irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí apá kan ìwọ̀n ọkọ̀ ló ń bọ́ sí i lórí, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, bí ọkọ̀ yìí bá fẹ́ rìn, ibo ni yóò gbà, kí ni yóò sì dá a dúró? Lọ́pọ̀ ìgbà tí ọkọ̀ bá já bọ́ lórí jáàkì, kì í ṣe pé agbára jáàkì kò tó. Ọkọ̀ ló yí díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, tí orí jáàkì sì yẹ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀.

Háńbíréèkì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbọ́kàn lé, bẹ́ẹ̀ sì ni táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń dì mú lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí. Nígbà tí táyà ẹ̀yìn méjèèjì bá ti kúrò nílẹ̀, háńbíréèkì ṣì dì wọ́n mú lóòótọ́, àmọ́ wọn kò kan ilẹ̀ mọ́, táyà iwájú tí nǹkan kan kò dì mú ló sì kù tó fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Bákan náà ni P, ipò páàkì lára jíà ọkọ̀ ọ̀tòmátíìkì. Ọ̀pá tó jáde láti inú àpótí jíà ni P ń tì pa, kì í ṣe táyà. Bí dífírẹ́ńṣà ẹ̀yìn bá jẹ́ irú èyí tí kò ní ìtìpa, tí háńbíréèkì kò sì mú dáadáa, táyà kan péré tí a gbé sókè ti tó láti jẹ́ kí ọkọ̀ rìn pẹ̀lú P náà, nítorí pé èyí tó wà lókè yóò yí sí òdìkejì bí èyí tó wà nílẹ̀ ṣe ń yí. Lára ọkọ̀ tó ní jíà kejì fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohun mìíràn tún wà tó yẹ ká ṣọ́ra fún: bí ọ̀pá jíà kejì yẹn bá wà ní N (níútírà, ipò tí jíà kò mú nǹkan kan), ọkọ̀ lè rìn bí ẹni pé kò sí P rárá. Mo wo ọ̀pá náà dáadáa kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ka wéèjì, ohun ìdènà tí a ń há mọ́ táyà kó má baà yí, sí ju jáàkì lọ. Mo fi wéèjì síwájú àti sẹ́yìn táyà iwájú méjèèjì, mo sì fi ẹsẹ̀ gbá wọn wọlé títí wọ́n fi fara mọ́ rọ́bà. Ó yẹ kí wọ́n tóbi, nítorí táyà ńlá bẹ́ẹ̀ lè gun pákó pẹlẹbẹ kọjá láìmọ̀ pé ó gun nǹkan kan.

Mo tún gbá ilẹ̀. Orí jáàkì oníkẹ̀kẹ́ kì í lọ sókè tààrà, ṣe ló máa ń tẹ̀ bí ó ti ń gòkè, nítorí náà jáàkì gbọ́dọ̀ lè yí díẹ̀ kí orí rẹ̀ lè wà lábẹ́ ibi kan náà. Bí òkúta wẹ́wẹ́ bá há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, yálà kó fa ọkọ̀, tàbí kí orí rẹ̀ yọ̀ kúrò. Kọnkéré tó tẹ́jú ni ilẹ̀ tó yẹ iṣẹ́ yìí. Ọ̀dà tí oòrùn ti mú rọ̀ yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ sítáǹdì, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí a ń gbé ọkọ̀ lé lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè, rì sínú rẹ̀.

Ibi tí a ó gbé jáàkì sí gba ìrònú. Bí a bá gbé e sábẹ́ ṣaásì, sípíríǹgì yóò máa nà bí ṣaásì ṣe ń gòkè, táyà yóò sì wà nílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, a ó ní láti gbé ọkọ̀ ga gan-an kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ṣe ga sí i ni ìdúró rẹ̀ ń dín kù. Nítorí náà, lónìí, abẹ́ dífírẹ́ńṣà ni mo gbé jáàkì sí, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe gbà láàyè, mo sì gbé sítáǹdì méjì sábẹ́ axle (irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), ọ̀kọ̀ọ̀kan nítòsí táyà, níbi tí kò ti kan páìpù bíréèkì. Ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbé dúró dípò sípíríǹgì, ẹ pa ètò náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kó má baà gbìyànjú láti tún ara rẹ̀ ṣe lórí jáàkì.

Jáàkì ń gbé ni, kì í mú dúró. Rọ́bà kékeré kan nínú rẹ̀ ló ń dá ọ́ìlì dúró, kò sì sí ẹni tó lè rí ìgbà tí rọ́bà náà yóò já. Sítáǹdì pàápàá kò kọjá àyẹ̀wò: ní ọdún 2020, wọ́n kó ọ̀pọ̀ sítáǹdì padà ní Amẹ́ríkà nítorí pé eyín tó ń dì wọ́n mú lè yọ nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí wọn. Mo wo eyín ọ̀kọ̀ọ̀kan bóyá ó wọlé tán, mo ki irin ìdènà rẹ̀ bọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni mo rọra sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lé wọn. Mo fi jáàkì sílẹ̀ kó fara kan abẹ́ dífírẹ́ńṣà, mo ti ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára mi nígbà tí mo ṣì dúró níta, mo sì ti táyà tí mo tú sábẹ́ ṣaásì. Bí ohun gbogbo bá kọ̀, táyà yẹn á fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó wà lábẹ́. N kì í lo búlọ́ọ̀kù kọnkéré láéláé, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú kan. Búlọ́ọ̀kù a máa fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í kìlọ̀.

Àbúrò mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì pẹ̀lú fóònù rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí mo wà lábẹ́ ọkọ̀. Mi ò ní kó ṣe nǹkan kan ju kó máa gbọ́ ohùn mi lọ.

Ní ọ̀la, iwájú ni mo máa gbé. Háńbíréèkì yóò wúlò níbẹ̀, nítorí táyà ẹ̀yìn yóò wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì wúwo níwájú, kò sì sí axle gbọọrọ kan níbẹ̀ tí sítáǹdì lè gbé, kálukú ni táyà iwájú dá dúró. Ṣaásì ni mo máa lò. Mo ti fi òòlù kan gbogbo apá iwájú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yìí láti gbọ́ bóyá ìpẹtà ti jẹ ẹ́, mo sì ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi méjì tó tẹ́jú, tí irin rẹ̀ ń dún gbọn-in.