Àpò Ìpápánu Aláboyún Nínú Bàálù: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́

Àkókò tí ebi máa ń pa aláboyún àti àkókò tí wọ́n máa ń gbé oúnjẹ wá nínú bàálù kì í sábà pàdé. Nínú ìrìn-àjò wákàtí 10, wọ́n lè má gbé oúnjẹ gidi wá ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá gbéra, èkejì nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ẹ balẹ̀. Gbogbo ààrin méjèèjì, ẹ máa fúnra yín bójú tó o ni. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ ti aláboyún tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí inú bá ti ṣófo báyìí, ìrìndọ̀ ti dé nìyẹn, èébì ò sì ní pẹ́ tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí mi ò fi fi àpò ìpápánu mi ṣeré ní gbogbo ìgbà tí mo wọ bàálù pẹ̀lú oyún.

Tí mo bá ń di àpò náà, mo máa ń yẹ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan wò kó tó wọlé. Ṣé wọ́n á jẹ́ kó kọjá níbi àyẹ̀wò ẹrù? Ṣé kò ní bàjẹ́ láìsí fíríìjì? Ṣé mo lè jẹ ẹ́ láìlo ọ̀bẹ, láìsí pé ó ń kán sí mi láṣọ? Ṣé mo lè fara da òórùn rẹ̀? Ọ̀pọ̀ oúnjẹ aṣaralóore ni kì í yege. Ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ aláboyún nínú ilé, kó sì di wàhálà sí i lọ́rùn lójú ọ̀run.

Oúnjẹ gbígbẹ ló máa ń kọ́kọ́ wọ àpò mi: bisikíìtì tí kò ládùn púpọ̀, búrẹ́dì àlìkámà tí mo ti yan kó gbẹ, ẹ̀pà yíyan, álímọ́ǹdì, dàbínù, èso àjàrà gbígbẹ. Ooru kò lè rí wọn gbé ṣe. Mo máa ń da ẹ̀pà pọ̀ mọ́ èso gbígbẹ, torí pé tí èèyàn bá ń jẹ ohun dídùn nìkan, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á sáré gòkè, á tún sáré wálẹ̀, ebi á sì tún dé. Ọ̀rá àti purotéènì inú ẹ̀pà ló máa ń jẹ́ kí oúnjẹ náà pẹ́ nínú. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ inú oyún ní láti mú èyí lọ́kùn-únkúndùn, kó sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú nípa bí yóò ṣe máa jẹun àti bí yóò ṣe máa lo oògùn nígbà tí aago ibi tó ń lọ bá yàtọ̀ sí ti ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹ tẹ́tí sí ìkéde kí ẹ tó ṣí ẹ̀pà o. Nígbà míì, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ̀pà nínú bàálù nítorí èrò kan tí ara rẹ̀ kì í gbà á. Torí náà, mi kì í gbára lé ẹ̀pà nìkan.

Ọ̀ràn ìgbẹ́ náà wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Èròjà kan tí ara aláboyún máa ń tú jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní progesterone, máa ń mú kí ìfun lọ́ra. Bí ẹ bá wá jókòó sójú kan fún ọ̀pọ̀ wákàtí nínú afẹ́fẹ́ tó gbẹ táútáú, inú á kàn le gbandi ni. Ohun tó ń gbà mí ni èso àti ẹ̀fọ́ tútù. Ápù odindi ni mo máa ń gbé, mo máa ń fọ̀ ọ́ nílé, mo máa ń nù ún gbẹ. Kárọ́ọ̀tì ni mo fẹ́ràn jù. Màá họ ọ́, màá gé e ní ìwọ̀n ìka ọwọ́, màá tò ó sínú ike tó ní ìdérí líle, màá wá tẹ́ tíṣù ìdáná tó mọ́, tí mo ti rẹ tí mo sì fún omi rẹ̀ dànù, lé e lórí. Tíṣù yẹn ni kì í jẹ́ kó gbẹ kó sì funfun lára. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dára, àmọ́ inú ike ni kó wà, kó má sì tíì pọ́n jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ìrìnnà yín ló máa jẹ ẹ́. Ọsàn kékeré tí èèpo rẹ̀ máa ń tètè bó ní iṣẹ́ méjì lọ́wọ́ mi: mo ń jẹ ẹ́, mo sì máa ń di èèpo rẹ̀ mú sí abẹ́ imú nígbà tí lọ́fínńdà ẹni tó jókòó tì mí bá fẹ́ pa mí.

Mi kì í da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan ṣoṣo. Ọ̀rá kéékèèké ni mo máa ń lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni oúnjẹ ìgbà kan. Bí nǹkan bí wákàtí méjì bá ti kọjá, màá ṣí òmíràn, yálà ebi ń pa mí tàbí kò pa mí. Tí ẹ bá dúró dìgbà tí ebi bá dé, ó ti pẹ́ jù. Jíjẹ díẹ̀díẹ̀ yìí náà ni kì í jẹ́ kí àyà máa ta mí, torí bí oyún bá ti ń dàgbà, kò sí àyè fún oúnjẹ àjẹyó níbẹ̀ mọ́.

Ẹyin sísè, yógọ́ọ̀tì, ẹran àti wàràkàṣì ńkọ́? Wọ́n ń ṣara lóore, àmọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún wa nípa oúnjẹ tó lè bàjẹ́ ni pé kó má ṣe lò ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì, wákàtí 1 péré tí ooru bá ju 32°C lọ. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: láti ilé dé pápákọ̀ òfurufú, ìlà àyẹ̀wò, ìdúró kí wọ́n tó ní kí ẹ wọlé. Wákàtí 2 ti parí kí ẹ tó de bẹ́líìtì. Ilé ni mo ti máa ń jẹ ẹyin tèmi kí n tó jáde. (Ẹ tiẹ̀ ṣàánú àwọn tó máa jókòó tì yín. Òórùn ẹyin sísè kò ríbi jáde lọ nínú bàálù.)

Kì í kúkú ṣe inú rírun nìkan là ń sá fún. Kòkòrò àrùn kan wà tó ń jẹ́ Listeria, ó lè máa dàgbà nínú fíríìjì pàápàá. Ó lè ṣe ìyá bí ibà lásán, kó sì ṣe oyún inú rẹ̀ níjàǹbá. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ fún aláboyún pé kó yẹra fún ẹran tí wọ́n ti sè, tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí wọ́n ń jẹ láìgbé e kaná, ẹja tí wọ́n fi èéfín sá tí wọn kò sì sè, àti wàràkàṣì rírọ̀ tí wọ́n fi wàrà tí wọn kò sè ṣe. Irú ẹran bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń wà láàárín búrẹ́dì tí wọ́n ń tà ní pápákọ̀. Tí ó bá di dandan kí ẹ rà á, ẹ ní kí wọ́n gbé e kaná títí tí èéfín á fi máa rú lára rẹ̀.

Ohun olómi ní òfin tirẹ̀. Láti ọdún 2006 ni ọ̀pọ̀ pápákọ̀ ti ń sọ pé ohun olómi kankan kò gbọ́dọ̀ ju mìlílítà 100 lọ nínú ike kọ̀ọ̀kan, ohun olómi sì ni wọ́n ka yógọ́ọ̀tì, ẹ̀pà lílọ̀ àti jáàmù sí. Àwọn pápákọ̀ kan ti ń dẹ òfin náà, àmọ́ ẹ má fi ti ibì kan ro ti ibòmíràn. Ìgò òfìfo ni kí ẹ gbé kọjá, kí ẹ wá bu omi sí i lódìkejì. Afẹ́fẹ́ inú bàálù gbẹ gan-an, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kì í sábà tó ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, torí náà, ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ léraléra. Ẹ má torí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fi òùngbẹ pa ara yín. Oyún máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, ìjókòó pípẹ́ sì máa ń dá kún un, nítorí náà oore ni ìrìn tí ẹ ń rìn lọ tọ̀ náà jẹ́. Ẹ gba àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ní ti kọfí, mìlígíráàmù 200 kaféènì lóòjọ́ ni wọ́n ní kí aláboyún má kọjá. Ẹ rántí pé kaféènì wà nínú tíì náà.

Ẹ fi ẹ̀wà, kábéèjì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀ ṣáájú ìrìn-àjò. Bí bàálù bá ti wà lókè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ máa ń rí bíi ti orí òkè tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 6,000 sí 8,000, afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn á sì máa fẹ̀ sí i. Ẹ wo ọ̀rá bisikíìtì tí ẹ kò tíì ṣí, á wú bí fèrè tí ọmọdé fẹ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú yín, níbi tí ọmọ ti gba gbogbo àyè tẹ́lẹ̀.

Abẹ́ àga iwájú yín ni kí àpò náà wà, ẹ má gbé e sí àpótí òkè. Nínú ìrìn-àjò kan, kẹ̀kẹ́ oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Awakọ̀ ní kí gbogbo èèyàn jókòó, kí àwọn òṣìṣẹ́ náà jókòó. Kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìn, a sì jókòó pẹ́. Obìnrin kan tóun náà lóyún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ètè rẹ̀ ti funfun, ó ti mú ọ̀rá èébì dání. Ó rọra yíjú sí mi: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní nǹkan tí mo lè fi sẹ́nu? Inú àpótí òkè orí wa níbí ni tèmi wà." Mo fi ẹsẹ̀ fa àpò mi jáde, mo fún un ní bisikíìtì. Mo ní kó máa gé e jẹ bíńtín bíńtín, kó má gbé e mì lẹ́ẹ̀kan. Kó tó jẹ ìkejì tán, ó ti gbé ọ̀rá náà sílẹ̀.

Ẹ tún lè pe iléeṣẹ́ bàálù ṣáájú kí wọ́n ṣètò oúnjẹ àkànṣe fún yín. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń fẹ́ gbọ́ ó kéré tán wákàtí 24 ṣáájú. Àwọn tó ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún, ìyẹn gan-an ló sì dùn mọ́ mi nínú nínú ọ̀rọ̀ náà.

Tí ẹ bá fẹ́ balẹ̀, ẹ jẹ èso tó kù tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ sínú bàálù. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í fẹ́ kí èso tútù àti ẹran wọlé, pàápàá Ọsirélíà, New Zealand àti Amẹ́ríkà, kódà bó jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ bàálù ló fún yín ní ápù náà. Bí oúnjẹ kankan bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, torí owó ìtanràn kì í ṣe kékeré. Èmi máa ń fi pákẹ́ẹ̀tì bisikíìtì kan tí mi ò tíì ṣí pamọ́ di ìgbà tí mo bá bọ́ sílẹ̀, nítorí ìlà àwọn tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò lè gùn, kò sì sẹ́ni tó máa ti kẹ̀kẹ́ oúnjẹ wá síbẹ̀.