Mò ń kí ìbàdí mi ní “sannu”

Ọdún kẹfà rèé tí ìbàdí ti ń dùn mí. Télọ̀ ni mí ní Kubwa, l'Ábújá. Ẹni tó bá ti tẹ máṣínì títí di òru nítorí aṣọ Iléyá yóò mọ ohun tí mò ń wí. Mo ti ya fọ́tò ẹ̀yìn, mo ti gbé oògùn mì, mo ti fi róòbù para títí gbogbo ilé fi ń rùn.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ̀rọ̀ mindfulness fún mi, ìyẹn fífi ọkàn sí ohun tó ń lọ lára ẹni lọ́wọ́lọ́wọ́ láìbá a jà. Mo ní, “Ṣé ti àwọn tó ń dijú jókòó bí ère yẹn?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Àǹtí mi, ẹ dùbúlẹ̀ ni tiyín.” Ó ní ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Jon Kabat-Zinn, ló gbé e wọ ilé ìwòsàn yunifásítì kan ní Massachusetts lọ́dún 1979, fún àwọn tí ìrora wọn ti sú oníṣègùn. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n fi ń kọ́ ọ.

Ohun tó ní kí n máa ṣe lálẹ́ ni pé kí n fi ọkàn rin ara mi láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ dé àtàrí, kí n má sáré kọjá ibi tó ń dùn. Lálẹ́ àkọ́kọ́, orókún ni mo dé tí oorun gbé mi lọ. Lálẹ́ kejì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kò jẹ́. Lálẹ́ kẹta mo dé ìbàdí, inú sì bí mi. Ṣé báyìí ni n ó ṣe darúgbó? Ta ni yóò rán aṣọ ìsìnkú tí wọ́n gbé wá yìí? Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìrora ọ̀tọ̀, ìjà tí mò ń bá a jà ọ̀tọ̀. Ìjà yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Hajia tó ń ta kosai, àkàrà àwọn Hausa, níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, bó bá ti rí i tí mo fọwọ́ lé ìbàdí dìde, á ní, “Sannu, sannu.” Èdè Hausa ni, bíi pẹ̀lẹ́ tiwa: a fi ń kí ẹni tára ń ni, a sì tún fi ń sọ pé kó rọra. Òun ni mo wá ń sọ sí ìbàdí mi tí mo bá mí sínú.

Àbúrò mi fi ìwádìí kan hàn mí, ti ọdún 2016, lórí ará Amẹ́ríkà 342 tí ẹ̀yìn ń dùn. Lẹ́yìn bí oṣù 6, nǹkan bí 44 nínú 100 àwọn tó kọ́ ọ ló rí ìtura tó ṣe é tọ́ka sí. 27 péré ni láàárín àwọn tó ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Ojú télọ̀ ni mo fi wọ̀n ọ́n: 56 ṣì kù tí kò bá wọn mu. Nítorí náà mi ò da oògùn mi nù o. Tí ẹsẹ̀ bá sì ń kú yín tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé mú dání mọ́, ẹ ká ẹní, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ kíákíá.

Ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ èyí. Aṣọ ẹbí ẹni 12 wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà ní Sátidé.