Egungun ni mo ní, mi ò pe egúngún

Ẹ má bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń wọ alápá gígùn nínú oòrùn Kabba láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó dáa, ẹ ti bi mí. Máàkà ni.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé èmi àti bàọ́lọ́jì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Mo ti ṣe JAMB lẹ́ẹ̀mejì, máàkì mi kò sì jọ ti ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bọ́ sínú IJMB, kí n lè gba ẹ̀yìnkùlé wọ yunifásítì ní 200 level, bí ẹni tó pẹ́ dé òde àríyá tó tún fẹ́ jókòó síwájú. Ó ń lọ bó ṣe ń lọ, àfi ọjọ́ tí tísà wa kéde pé ìdánwò egungun ara ènìyàn ń bọ̀ ní Mọ́ńdè. Egungun 206! Ó ní ti ọmọ tuntun tiẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, pé bó ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra. Mo dúpẹ́ pé wọn ò ní ká lọ kọ́ ti ọmọ ìkókó. Ó tún ní ọwọ́ méjèèjì àti ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan kó 106 nínú rẹ̀. Ọwọ́ tí mo ti fi ń jẹ iyán láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èrò pọ̀ nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ Fúráídé, ọgbọ́n kan sọ sí mi lórí. (Irú ọgbọ́n yẹn, òru ló máa ń rìn, tó bá jẹ́ ọ̀sán ni, ojú á tì í.) Ṣebí ara èmi náà ni egungun wà? Kí ni mo ń wá a kiri inú ìwé sí? Mo gbé máàkà rúùméètì mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ kálukú sí ilé rẹ̀. FEMUR lórí itan. PATELLA lórí orúnkún. Mo gbé apá lé itan, mo dojú ọwọ́ délẹ̀, mo ń wo àwòrán egungun méjì tó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ nínú ìwé: èyí tó wà lápá ìta níbẹ̀, mo kọ ọ́ síta, èyí tó wà lápá inú, mo kọ ọ́ sínú. RADIUS. ULNA. Pé àwòrán yẹn ṣí àtẹ́lẹwọ́ síwájú, èmi ò rí i. Ọwọ́ mi ò dé ẹ̀yìn, rúùméètì mi ló bá mi ka ti ibẹ̀, láti 1 dé 33, bí ẹni tó ń ka iṣu lọ́jà.

Ibi tó yẹ kí n ti sùn nìyẹn. Mo wá wo dígí, mo rí i pé àgbọ̀n mi ṣófo.

Mo kọ MANDIBLE sí i. Lẹ́tà ńlá, láti etí kan dé etí kejì. Inú dígí ni mo sì ti ń wò ó bí mo ṣe ń kọ ọ́, kó lè hàn dáadáa. Ó hàn lóòótọ́, fún èmi tí mò ń wo dígí. Ẹnikẹ́ni tó bá kọjú sí mi, ELBIDNAM ló ń rí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì tún kẹ̀yìn síra.

Ilẹ̀ mọ́, mo débi omi, mo rí i pé máàkà yẹn kì í ṣe ti ìwé. Òun ni rúùméètì mi fi ń kọ orúkọ sára àpò tó bá fẹ́ gbé wọkọ̀. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́. Mo fi kànìnkànìn ha á. Mo fi kẹrosíìnì nù ún. Awọ ara mi fẹ́ẹ̀ ṣí, ELBIDNAM ò mira. Ìyé mi sì ti ní kí n wá gbé gààrí nílé lọ́jọ́ náà. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, mo fi ìbòmú bo ojú, mo wọ ọkọ̀ Ìsánlú. Mo kí wọn, "Ọ̀kún o," láti abẹ́ ìbòmú. Màmá kan tó jókòó tì mí dáhùn, ó tún bu ẹ̀pà fún mi.

A kọjá Mopa, a dé ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Nínú gbogbo èrò ọkọ̀, èmi tí mo bo apá bo ojú nínú ooru ni ọ̀gá tó gbé ìbọn rí.

"Yọ ìyẹn lójú."

Mo yọ ọ́. Ó wo àgbọ̀n mi. Ó yí orí sápá ọ̀tún, ó yí i sápá òsì.

"Ta ni Elbidnam?"

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí n ká apá ṣẹ́ẹ̀tì sókè. Ó ní kí n yí ẹ̀yìn padà. Ó rí nọ́mbà, ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò ó. "Kí lo kọ sára báyìí?"

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá, ẹ mọ̀ pé nǹkan kékeré ló wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Re re re ni ọ̀kan, re mi mi ni èkejì. Re re re ni mo fẹ́ sọ. Ẹ̀rù ló gbé ohùn mi sókè.

"Egúngún ni, sà."

Ọkọ̀ dákẹ́. Màmá fa ìborùn bojú. "Mo gbé! Mo ti jókòó ti egúngún láti Kabba! Mo tún fún un lẹ́pà jẹ!"

Bí mo ṣe ń tún un sọ ni ẹ̀rù ń pọ̀ sí i, bí ẹ̀rù sì ṣe ń pọ̀ ni ohùn mi ń lọ sókè. Ìgbà kẹta, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di egúngún tòótọ́. Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló sọ̀ kalẹ̀, ó ka apá mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú ẹ̀. "Ọ̀gá, orúkọ eegun ni. Ọmọ ilé ìwé ni." Wọ́n ní ká máa lọ. Ọ̀kan nínú wọn tún bi mí bóyá mo mọ oògùn orúnkún. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yẹn ń bọ́ọ́lẹ̀, ó ní, "Àbúrò, tún apá yẹn wò o." Mo ní mo ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun.

Kí n tó délé, ìròyìn Màmá ti délé ṣáájú mi. Ìyé mi kò tilẹ̀ bínú nítorí egúngún. Ó kàn di àgbọ̀n mi mú, ó wò ó pẹ́.

"Ìwé tí mo rà fún ọ, ṣé ó ti kún ni?"

Ní Mọ́ńdè, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ sọ́wọ́ lọ ṣèdánwò. Tísà ní kí n dìde: kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ gbé ìwé wọlé, èmi gan-an sì ti di ìwé. Mo ká apá ṣẹ́ẹ̀tì, mo ṣàlàyé, mo bẹ̀bẹ̀. Ó ka apá mi láti òkè délẹ̀. Ojú ẹ̀ rọ̀.

"Jókòó. Má wulẹ̀ bò ó. Máa wò ó dáadáa, kó o máa dà á kọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dà á kọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe tán, mo tún ń wo àwọn yòókù tàánútàánú. Ọjọ́rú tí ìwé jáde ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò ni RADIUS ń gbé.

Máàkà náà ti ń parẹ́ báyìí. Àgbọ̀n mi ku ELB. RADIUS tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọńdinrín nìkan ló ṣì dúdú kirikiri.